Àgbà Tí Ó Ṣubú Ní Òun Nìkan: Ọ̀rọ̀ Nípa Agogo Ìpè àti Ẹ̀gbà Ìkìlọ̀

Àwọn tí ó pè wá fún wa ní ààyè láti yan ohun tí a ó sọ. A sì yan ohun kan tí ó lè kéré lójú ẹlòmíràn, nítorí pé ohun kékeré náà, tí kò tóbi ju owó ẹyọ kan lọ, ni ì bá gba ẹnì kan tí í ṣe tiwa lọ́wọ́ ìyà púpọ̀, bí ó bá ti wà ní ibi tí ó yẹ kí ó wà.

Ẹni náà ni àbúrò ìyá wa, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá. Ẹni ọdún 81 ni wọ́n nígbà náà, wọ́n sì ń dá gbé ní Peckham, ní ìhà gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí àwọn Yorùbá pọ̀ sí tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn fi lè ra èlùbọ́ àti ewédú lẹ́bàá ọ̀nà láìsọ gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan. Ọmọ mẹ́ta ni Màmá bí. Ọ̀kan wà ní Manchester, ọ̀kan wà ní Amẹ́ríkà. Ìkẹta wà ní Lọ́ńdọ̀nù kan náà, ṣùgbọ́n wákàtí kan àbọ̀ ni ó fi ń wọ ọkọ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀. A kò gbọdọ̀ sọ pé àwọn ọmọ wọ̀nyí pa ìyá wọn tì. Àwọn ni ó san owó agogo ìpè, èyí tí bọ́tìnnì rẹ̀ ń rọ̀ lọ́rùn bí ìlẹ̀kẹ̀, kí Màmá lè tẹ̀ ẹ́ bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Màmá gbà á, wọ́n dúpẹ́, wọ́n súre fún àwọn ọmọ, wọ́n sì fi okùn rẹ̀ kọ́ ìṣó ní ilé ìdáná lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì, kí ó má bà a bàjẹ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Kejì, Màmá dìde láti lọ sí ilé ìwẹ̀. Ẹsẹ̀ wọn yọ̀, wọ́n sì ṣubú. Egungun kankan kò ṣẹ́, ṣùgbọ́n orúnkún kò gbà kí wọ́n dìde. Nǹkan bí aago mọ́kànlá alẹ́ ni èyí ṣẹlẹ̀. Aago kan ọ̀sán ọjọ́ kejì ni ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wọn, tí ó ti pè wọ́n lórí tẹlifóònù lẹ́ẹ̀mẹ́ta láìrí ìdáhùn, wá kan ilẹ̀kùn, tí ó sì gbọ́ ohùn wọn bí ohùn ọmọ ológbò. Wákàtí mẹ́rìnlá ni Màmá fi wà lórí ilẹ̀ títútù, tí wọ́n ń wo ilé ìdáná láti ojú ilẹ̀kùn tí ó ṣí sílẹ̀, tí wọ́n sì ń rí bọ́tìnnì náà lórí ìṣó rẹ̀.

Àwọn baba wa wí pé bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. A ti gbọ́ òwe yìí láìmọye ìgbà, a sì mọ ẹ̀kọ́ tí a ń fi í kọ́ni. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ìròyìn yìí kàn wá, bí a ti ń sọ ọ́ lẹ́nu gan-an ni a gbọ́ ọ: Màmá ṣubú, wọ́n wo ẹ̀yìn, kò sí ẹnì kan. Nínú agbo ilé àtijọ́ irú èyí kò rọrùn láti ṣẹlẹ̀. Bí àgbà kò bá jáde wá jókòó sí ẹnu-ọ̀nà rẹ̀ nígbà tí a ń gbálẹ̀, ọmọdé kan a ti wọlé lọ kí i, a sì ti ké síta kí oòrùn tó yọ. Kì í ṣe pé àwọn ènìyàn ìgbà náà fẹ́ràn òbí wọn jù wá lọ. Bí a ti kọ́ ilé wọn ni ó jẹ́ agogo fún wọn.

Ẹ jẹ́ kí ó yé wa pé kì í ṣe ìṣubú nìkan ni ó ń pa àgbà. Ìdùbúlẹ̀ tí ó tẹ̀lé e a máa burú jù ú lọ nígbà púpọ̀. Bí ara bá tẹ ilẹ̀ líle fún wákàtí púpọ̀ láìyí padà, ẹ̀jẹ̀ kì í lè ṣàn dáadáa sí ibi tí ó tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹran ara tí ó wà níbẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í kú, ohun tí ó ti inú rẹ̀ jáde a wọ inú ẹ̀jẹ̀, a sì lọ ba kíndìnrín jẹ́. Awọ ara a di egbò. Òtútù a mú ẹni náà, òùngbẹ a gbẹ ẹ́, àyà tí kò mí kanlẹ̀ a sì di ibùgbé àrùn òtútù àyà. Nítorí náà ni àwọn oníṣègùn fi ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó bá gbé àgbà wá sí ilé ìwòsàn pé, “Báwo ni ó ti pẹ́ tó lórí ilẹ̀?”

Ní ọdún 2008, àwọn olùwádìí kan tẹ ìròyìn jáde nípa àwọn arúgbó 110 ní Cambridge, tí ọjọ́ orí wọn ti lé ní 90, tí a sì kọ ìṣubú wọn sílẹ̀ fún odindi ọdún kan. Nínú 110 yìí, 66 ṣubú. Nínú 66 náà, 53 ni kò lè dìde fúnra wọn, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan. 20 sì wà lórí ilẹ̀ fún wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí ó yà wá lẹ́nu jù nínú ìròyìn náà ni èyí: agogo ìpè kò wọ́n láàrín wọn. Ó wà nínú ilé, ó ń ṣiṣẹ́, a ti sanwó rẹ̀. Síbẹ̀, nínú ọ̀pọ̀ ìṣubú tí ó mú ìdùbúlẹ̀ gígùn wá, kò sí ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí a kà á, a ní kì í ṣe Màmá nìkan ni ó ní ìṣó nínú ilé ìdáná.

Ẹ gbà wá láàyè kí a sọ bí ẹ̀rọ yìí ti ń ṣiṣẹ́, nítorí pé àìmọ̀ wà lára ohun tí ó ń mú kí àwọn òbí wa kọ̀ ọ́. Àpótí kékeré kan ni a ń gbé sórí tábìlì, tí ó ní ọ̀nà tẹlifóònù tirẹ̀. Bọ́tìnnì tí ó wà lọ́rùn tàbí lọ́wọ́ àgbà ń fi ìgbì rédíò bá àpótí náà sọ̀rọ̀. Bí a bá tẹ bọ́tìnnì, àpótí a pe ilé ìdáhùn kan, níbi tí àwọn ènìyàn ń jókòó tọ̀sán tòru. Ẹni tí ó dáhùn a ti rí orúkọ ẹni tí ó pè, àdírẹ́sì rẹ̀, àìsàn rẹ̀, oògùn tí ó ń lò, àti nọ́mbà àwọn tí kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn, níwájú rẹ̀ lójú ẹ̀rọ. Ohùn rẹ̀ a ti inú àpótí jáde, a sì béèrè pé, kí ni ó ṣe yín? Bí kò bá gbọ́ èsì rárá, kò ní pa á tì. Yóò ránṣẹ́ sí aládùúgbò tàbí sí ọkọ̀ ilé ìwòsàn. Ọ̀pọ̀ bọ́tìnnì wọ̀nyí ni omi kò lè bà jẹ́. Ọgbọ́n sì wà níbẹ̀, nítorí pé ilé ìwẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yọ̀ jù, ibẹ̀ gan-an sì ni àwọn ìyá wa ti ń bọ́ ọ sílẹ̀.

Iṣẹ́ yìí kò pẹ́ ní ayé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ni Wilhelm Hormann gbé irú rẹ̀ kalẹ̀ ní ilẹ̀ Jámánì. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀jọ̀gbọ́n kan tí ń jẹ́ Andrew Dibner, tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ọkàn ènìyàn àti ogbó, dá ilé iṣẹ́ Lifeline sílẹ̀ ní ọdún 1974. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nínú àwọn ilé tí a kọ́ fún àgbà, okùn ni a kọ́kọ́ ń fà láti pe olùtọ́jú ilé. Okùn pupa yìí ṣì wà ní ilé ìwẹ̀ púpọ̀ títí di òní. Bí ẹ bá bẹ òbí yín wò ní òkè òkun, ẹ wo okùn náà kí ẹ tó wo ohun mìíràn. Ó yẹ kí ó balẹ̀ dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń ká a sókè, tí ó ń so ó ní kókó kí ọmọ-ọmọ má bà a fà á. Ta ni yóò wá na ọwọ́ kàn án láti orí ilẹ̀?

Bọ́tìnnì mìíràn wà tí ó lè mọ̀ fúnra rẹ̀ pé ẹni tí ó wọ̀ ọ́ ti ṣubú, nípa bí ara ṣe yára lọ sílẹ̀ tí ó sì dúró lójijì. Láti ọdún 2018 ni agogo ọwọ́ Apple pàápàá ti ń ṣe é. Ohun rere ni fún ẹni tí ó lè dákú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó rọra yọ̀ kúrò lórí àga lè balẹ̀ kí ẹ̀rọ náà má mọ̀, ẹni tí ó sì fi ìbínú jókòó gbì sórí bẹ́ẹ̀dì lè rí i pé ó ti pe ilé ìdáhùn. Kí a má ṣe torí rẹ̀ gbàgbé bọ́tìnnì tí a ń fi ọwọ́ tẹ̀.

Ọ̀ràn kan wà tí àwọn tí òbí wọn ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gbọdọ̀ fi falẹ̀. Ètò tẹlifóònù àtijọ́, tí ń gba orí wáyà bàbà, ń kógbá sílé níbẹ̀. Òpin oṣù Kìíní ọdún 2027 ni a dá fún un. Tẹlifóònù àtijọ́ ń gba agbára rẹ̀ láti ilé iṣẹ́ tẹlifóònù, nítorí náà bí iná ilé bá lọ, ó ṣì ń dún. Ti tuntun ń gba ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì, bí iná bá sì lọ, òun náà lọ, àfi bí a bá fún un ní bátìrì. Àpótí ìpè mìíràn tí a ṣe fún wáyà àtijọ́ kò sì bá ọ̀nà tuntun mu rárá. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, lẹ́yìn tí a ti rí i pé àpótí àwọn kan kọ̀ láti ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ìyípadà, ìjọba pe àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifóònù jọ, wọ́n sì ṣèlérí pé àwọn kò ní fi ipá yí ẹni tí ó ní agogo ìpè padà láìjẹ́ pé ààbò rẹ̀ dájú. Ìlérí yìí dára, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ kò lè dáàbò bo ẹni tí kò mọ̀ pé ó ní agogo. Ọmọ ni kí ó pe ilé iṣẹ́ tẹlifóònù, kí ó sì pe ilé ìdáhùn pẹ̀lú, kí ó sì tẹ bọ́tìnnì náà wò níṣojú ìyá rẹ̀. Kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ wò lóṣooṣù. Ilé ìdáhùn kì í bínú sí èyí. Àwọn gan-an ni ó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a máa ṣe é.

A ti sọ ti àìmọ̀. Ó kù kí a sọ ti ojú. Nígbà tí a bi Màmá pé, kí ló dé tí ẹ kò fi wọ̀ ọ́, ohun mẹ́ta ni wọ́n sọ, a sì gbọ́ wọn bí ẹni pé gbogbo àgbà ilẹ̀ wa ni ó ń sọ̀rọ̀. Èkíní, pé ó dàbí oǹdè, àwọn kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú ìjọ rí ohun tí ó jọ oǹdè lọ́rùn àwọn. Èkejì, pé àwọn kò fẹ́ yọ ọmọ ọlọ́mọ lẹ́nu ní òru. Ẹ̀kẹta ni ó dùn wá jù: pé ọjọ́ tí àwọn bá so ó mọ́rùn ni àwọn gbà pé àwọn ti di arúgbó tí kò ní ẹnì kan. Sí ti èkíní, a rán wọn létí pé okùn ẹ̀rọ ìwòran ojú wọn ń rọ̀ lọ́rùn bákan náà, kò sì sí ẹni tí ó pè é ní oògùn. Sí ti èkejì, a sọ fún wọn pé iṣẹ́ òru ni a ń san owó fún àwọn ọmọ ọlọ́mọ náà láti ṣe. Sí ti ẹ̀kẹta, a kò rí èsì fọ̀ lójú ẹsẹ̀. Àwọn ọmọ wọn ni ó dá a lóhùn nígbà tí ó yá, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n fi dáhùn. Wọ́n pín ọjọ́ ọ̀sẹ̀ láàrín ara wọn, kò sì sí àárọ̀ kan mọ́ tí tẹlifóònù Màmá kì í dún kí aago mẹ́jọ tó lù. Àwa kò fi ara mọ́ ẹni tí ó bá ra bọ́tìnnì fún ìyá rẹ̀ kí ó lè dẹ́kun láti máa pè é.

Ẹ jẹ́ kí a yà sí ti ẹ̀gbà ọwọ́, tí í ṣe ìbátan agogo yìí. Agogo ń sọ̀rọ̀ fún ẹni tí ó wà nílé. Ẹ̀gbà ń sọ̀rọ̀ fún ẹni tí ó dákú lójú títì, tí kò lè sọ orúkọ ara rẹ̀. Ní ọdún 1953, ní ìlú Turlock ní California, ọmọbìnrin ẹni ọdún 14 kan, Linda Collins, gé ní ìka. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, a sì fi díẹ̀ nínú oògùn ìdènà ipá, tí a mú láti inú ẹ̀jẹ̀ ẹṣin ní ìgbà náà, kàn án lára láti dán an wò. Ara rẹ̀ kọ̀ ọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Oníṣègùn ni bàbá rẹ̀, Marion Collins. Lẹ́yìn tí ọmọ yè, àwọn òbí rẹ̀ a máa kọ ìkìlọ̀ sórí ìwé fún un nígbàkígbà tí ó bá ń rìnrìn àjò. Nígbà tí ó di ẹni tí ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga, wọ́n ní kí a fi fàdákà rọ ẹ̀gbà fún un, kí a sì fín ìkìlọ̀ náà sí i. Ní ọdún 1956 ni bàbá yìí dá ẹgbẹ́ MedicAlert sílẹ̀, kí ohun tí ó ṣe fún ọmọ tirẹ̀ lè kan ọmọ ẹlòmíràn. Ẹni tí ó bá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, nọ́mbà kan wà lẹ́yìn ẹ̀gbà rẹ̀ tí oníṣègùn lè pè láti mọ ìyókù.

Kò pọn dandan kí a forúkọ sílẹ̀ níbì kan kí ẹ̀gbà tó wúlò. Alágbẹ̀dẹ fàdákà lè fín ọ̀rọ̀ márùn-ún sí i. Kí ọ̀rọ̀ náà kúrú, kí ó jẹ́ èdè tí àwọn oníṣègùn ibẹ̀ ń kà, kí ó sì jẹ́ ohun tí ó lè yí ìtọ́jú padà ní wákàtí àkọ́kọ́. Ẹni tí ara rẹ̀ kọ pẹnisílìnì, kí ó kọ ọ́. Ẹni tí ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kí ó kọ ọ́, nítorí pé bí ó bá fi orí gbá ilẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lè máa dà nínú agbárí láìsí egbò lóde. Alátọ̀gbẹ tí ń gún abẹ́rẹ́ ínsúlínì, kí ó kọ ọ́. Bí ṣúgà bá lọ sílẹ̀ lára rẹ̀, yóò máa ta gọ́ọ́gọ̀ọ́, ahọ́n rẹ̀ yóò wúwo, àwọn tí ń kọjá yóò sì wí pé ọtí ni ó mu. Ti àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, tí ó pọ̀ láàrín wa, kan ọmọdé àti àgbà. Fún ẹni tí ìgbàgbé ti mú, tí ń jáde nílé láìmọ ọ̀nà padà, kí nọ́mbà tẹlifóònù ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ìfúnpá àtijọ́ ń pa ohun tí ó wà nínú rẹ̀ mọ́. Ẹ̀gbà yìí wúlò kìkì nítorí pé gbogbo ènìyàn lè kà á.

Ẹnì kan lè béèrè pé kí ni èyí kan ẹni tí ìyá rẹ̀ wà ní Ìbàdàn tàbí ní Iléṣà? Ó kàn án gidigidi. Púpọ̀ nínú àwọn ìyá wa ni ó wà nínú ilé ńlá tí ọmọ òkè òkun kọ́, irin ní ojú fèrèsé, irin ní ẹnu-ọ̀nà, àgádágodo láti inú, ọmọ ọ̀dọ̀ kan ṣoṣo sì ń sùn ní yàrá ẹ̀yìnkùlé. Olè kò lè wọlé, bẹ́ẹ̀ ni olùrànlọ́wọ́ kò lè wọlé. Nọ́mbà 112 ni a yàn fún ìpè pàjáwìrì ní Nàìjíríà, ní Èkó a sì tún lè pe 767. Kí àwọn àgbà mọ̀ ọ́n, kí a sì kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri. Ṣùgbọ́n aládùúgbò ni yóò kọ́kọ́ dé. Nítorí náà, kí kọ́kọ́rọ́ kejì wà lọ́wọ́ aládùúgbò tí a fọkàn tán, kí ìyá sì fi tẹlifóònù sínú àpò kékeré lọ́rùn, kì í ṣe sórí pèpéle. Agogo ẹnu-ọ̀nà tí kò ní wáyà, tí a ń tà lọ́jà, lè di agogo ìpè: kí bọ́tìnnì wà lọ́wọ́ ìyá, kí agogo wà ní yàrá ọmọ ọ̀dọ̀ tàbí ní ilé kejì, kí a sì máa pààrọ̀ bátìrì rẹ̀. Kí ẹní tàbí aṣọ ìbora wà níbi tí ọwọ́ ẹni tí ó wà nílẹ̀ lè tó o. Ẹni tí kò bá lè dìde, kí ó máa yí ara padà díẹ̀díẹ̀, kí ó máa mi ẹsẹ̀, kí ó sì máa kan ògiri.

Ní ti Màmá, wọ́n lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní ilé ìwòsàn, wọ́n sì padà sílé. Ọmọ wọn obìnrin pe ilé ìdáhùn, ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sí ìwé wọn pé bí ẹ̀rù bá ba ìyá òun, Yorùbá ni wọn yóò sọ, kí wọ́n pe òun kí òun ṣe ògbifọ̀. A kan àpótí irin kékeré mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, kọ́kọ́rọ́ ilé wà nínú rẹ̀, nọ́mbà tí a fi ń ṣí i sì wà lọ́wọ́ ìyá ará Jàmáíkà kan tí ó ń gbé lókè wọn. Ní oṣù Kẹwàá ọdún kan náà, Màmá tún ṣubú, ní ẹ̀bá ibi ìwẹ̀. Bọ́tìnnì wà lọ́rùn. Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ohùn jáde láti inú àpótí ní èdè Gẹ̀ẹ́sì; Màmá dáhùn ní èdè Ìjẹ̀bú. Ẹni náà ka ìwé rẹ̀, ó pe ọmọ, ó pe aládùúgbò. Kí ìṣẹ́jú ogún tó pé, ìyá ará Jàmáíkà náà ti wọlé, ó sì bá Màmá ní ìjókòó, wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri, wọ́n fi táwẹ̀lì bo ẹsẹ̀, wọ́n sì ń bá ẹni inú àpótí wí pé kí ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, nítorí pé àwọn ará ilé kejì ti sùn.